Níbo Ni Mo Kà Á Dé?

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ẹ bi àwọn tó ń mú àlejò gòkè pé mélòó ni àtẹ̀gùn náà: àwọn kan á ní 682, àwọn mìíràn á ní 667. Àtẹ̀gùn kan náà ni o, kò sì sí èyí tó ń bímọ lóru. Lọ́jọ́ tí mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá yanjú ọ̀rọ̀ yìí, mo ń kà á lábẹ́ ahọ́n, mo ti kọjá igba, ni ìyá kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ bá kí mi, ó ní ṣé ilẹ̀ ò jìn mọ́. Mo kí i padà, mo ní kò jìn mọ́, kó rọra máa tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn mẹ́rin péré la sọ síra wa. Ó kọjá, mo gbé ẹsẹ̀, mo la ẹnu, ẹnu mi ò bá nǹkan kan. Ṣé igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni àbí igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n? Mo fura pé irú ìkíni bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ya 667 àti 682 sọ́tọ̀.

Ohun tó ṣe mí lórí àtẹ̀gùn yẹn ló ń ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún jọ ń lò. Ẹnì kan á ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìṣẹ́jú kan péré." Kò parọ́, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ọ̀sán á pọ́n, iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí láàárọ̀ á ṣì wà lórí tábìlì. Kí ló jẹ ìyókù àkókò náà?

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ olórí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òdòdé-Ìdànrè. Yàrá kan ni, tábìlì mẹ́rin, fèrèsé méjì tó kọjú sí àpáta. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ ohun tí ìgbà kòkó ń sọ ìlú náà dà: ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù á máa kó àpò bọ̀ láti inú abà, òórùn kòkó tí wọ́n sá á gba gbogbo títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mò ń da iye àpò tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó wá kọ, láti inú rìsíìtì sínú ìwé lẹ́jà. Mo wo rìsíìtì, mo rí 23, mo yíjú sí lẹ́jà láti wá orúkọ ẹni tó ni ín. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù yọjú. "Ọ̀gá, ẹ ẹ̀ bínú sà, níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Mo ní, "Wò ó lọ́dọ̀ Àǹtí." Bó bá pẹ́ jù, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni. Mo padà sídìí ìwé mi, mo kọ 23 gàdàgbà, mo bọ́ sórí rìsíìtì tó kàn. Ìlà tí mo kọ ọ́ sí kì í ṣe ìlà ẹni tó ni kòkó. Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú mi, tó gbé káàdì rẹ̀ lé tábìlì, tó ní, "Ọmọ mi, kòkó mi dà?"

Ká lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, ó yẹ ká mọ̀ pé iyè tá a fi ń rántí nǹkan kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tí mo ń pè ní iyè àká. Ibẹ̀ ni orúkọ bàbá ẹni wà, ibẹ̀ ni oríkì wà, ibẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sílé wà. Ohun tó bá ti wọ àká kì í tètè jáde. Èkejì ni iyè àtẹ́lẹwọ́, èyí tá a fi ń di ohun tá à ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ mú: nọ́ńbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, orúkọ tá à ń wá, ibi tá a kà á dé. Àtẹ́lẹwọ́ yìí kéré ju bá a ṣe rò lọ. Ní 1956, George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan bíi méje ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Nelson Cowan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2001, ó ní mẹ́rin ló sún mọ́ òótọ́. Mẹ́rin! Ẹni tó bá ń di orúkọ, iye àpò, ojú ìwé àti ìlà mú ti dì í kún dẹ́múdẹ́mú.

Ìyàtọ̀ tó ga jù láàárín àká àti àtẹ́lẹwọ́ ni pé ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ kò tíì di kíkọ síbì kankan. Ó dà bí ẹ̀yín iná tí èèyàn ń fẹ́: bí ó bá ṣe ń fẹ́ ẹ ló ń pọ́n, bó bá gbójú kúrò, eérú á bò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí, ló ń fẹ́ iná yìí. Wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn láìsinmi kí ohun tá a dì mú má baà kú. Nígbà tí ọmọ ilé ìkẹ́rù bi mí ní kọ́kọ́rọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn ni mo fi wá ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ sínú àká, àwọn náà ni mo fi to èsì jọ. Ẹni tó di ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, tí ẹlòmíràn wá na ọwọ́ sí i pé kó bọ òun lọ́wọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Yóò da ẹ̀pà nù ni.

Ẹ lè ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ti kéré jù láti da ẹ̀pà nù. Erik Altmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà tó ní ìgbésẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra, kò sì sí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ tó máa rán wọn létí ibi tí wọ́n dé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dá wọn dúró pé kí wọ́n tẹ lẹ́tà mélòó kan. Ìdádúró tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 2.8 lọ sọ àṣìṣe ìtòtẹ̀léra wọn di ìlọ́po méjì. Èyí tó gba ìṣẹ́jú àáyá 4.4 sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Iṣẹ́ náà kọ́ ni wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́ o. Ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ padà ni wọ́n ṣì. Èyí ló jẹ́ kí àṣìṣe ìdílọ́wọ́ léwu ju àṣìṣe àìmọ̀ lọ, torí ẹni tí kò mọ nǹkan á bèèrè, ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dá mi lójú gbangba nígbà tí mò ń kọ 23 yẹn.

Ká ní iṣẹ́ kejì wá gùn ju ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ lọ ńkọ́? Ẹni tó bá ń mu ẹmu mọ̀ pé bí a bá da tuntun sínú igbá tí a ò ṣan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ni yóò máa bá a pàdé lẹ́nu. Sophie Leroy, nínú iṣẹ́ kan tó tẹ̀ jáde ní 2009, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ lọkàn rí. Àwọn tó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí, tí wọ́n kó sínú òmíràn, ṣe èkejì náà ní ìdàrúdàpọ̀, torí àjẹkù ti àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀ ọkàn wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọkàn. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ fi máa ń mi orí "ẹn, ẹn", tí kò sì gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ojú rẹ̀ ti yí, ọkàn rẹ̀ kò tíì yí.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ kiri pé bí wọ́n bá dí èèyàn lọ́wọ́, ọpọlọ rẹ̀ yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ náà ti gbó lẹ́nu aráyé ju bó ṣe rí lọ. Gloria Mark, ti Yunifásítì California ní Irvine, ló jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́, tó ń fi aago wọn ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú èsì tó gbé jáde ní 2005, iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n sì padà sí lọ́jọ́ yẹn kan náà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kí wọ́n tó padà sídìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìṣẹ́jú 25 náà ni ká bi ara wa. Wọn ò jókòó kí ọpọlọ máa tutù. Nǹkan bí iṣẹ́ méjì mìíràn ni wọ́n ń bá kiri kí wọ́n tó rántí ti àkọ́kọ́. Ká sọ pé ọ́fíìsì tiwa ni: kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ gbé wọn dìde. Bí wọ́n ṣe dìde tán ni wọ́n rántí omi, omi ló mú wọn kọjá lọ́dọ̀ Àǹtí, Àǹtí sì ní rìsíìtì kan tí kò yé e. Mark tún rí i pé nínú gbogbo ìdílọ́wọ́ tí òun kà, àwọn tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá ara rẹ̀ dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa ń fẹ́ gbọ́.

Kí ni ká ti ṣe é? Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wo? Ọ́fíìsì tí mò ń sọ kò ní ju ẹyọ kan lọ, ojú títì ló sì ṣí sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó jẹ́ olórí tó bá pa etí dé, iṣẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò dúró. Ọmọ tó wá bèèrè kọ́kọ́rọ́ ní àgbẹ̀ méjì tó dúró sóòrùn lẹ́yìn rẹ̀, tàwọn ti àpò lórí ọ̀kadà. Ìbéèrè rẹ̀ kò burú. Ìgbà tó já lù mí ló burú, ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀, torí pé orí mi nìkan ni mo fi ṣe àpótí kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri, tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ nígbà mẹ́fà lójúmọ́ dópin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìbéèrè tó kù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣó ni wọ́n ń wá.

Èyí tó kù, tí ìṣó kò lè gbà, ni mo wá rántí ilé bàbá wa fún. Nílé àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo ayé ń jókòó sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣàdéédéé wọ yàrá ẹlòmíràn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àgò o!" Ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn, "Àgò yà!" Láàárín ìpè àti ìdáhùn yẹn, onílé ti wá aṣọ bora, ó ti gbé ohun tí kò yẹ kí àlejò rí kúrò nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá náà ti bá àlàfo yìí pàdé nínú yàrá ìdánwò wọn. Altmann tá a dárúkọ lókè àti Gregory Trafton ló kọ́kọ́ là á yé wa ní 2002: bí ìkìlọ̀ bá ti kọ́kọ́ dún, tí èèyàn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó yíjú, á fi àmì sí ibi tó dé, yóò sì tètè bá a nígbà tó bá padà. Èmi ń pè é ní àlàfo àgò. Ọ́fíìsì tí wọ́n wó ògiri rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti wó ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, kò sí ibi tí èèyàn á ti pe àgò mọ́. Èrè rẹ̀ tiẹ̀ wá di òdì: Ethan Bernstein àti Stephen Turban ṣàyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ńlá méjì tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ní 2018 pé ọ̀rọ̀ ojúkojú láàárín òṣìṣẹ́ fi nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nígbà tí wọn ò rí ògiri mọ́, wọ́n sá sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn.

Mo ní kí àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi máa pe àgò. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ilé babaláwo ni. Ṣùgbọ́n ó mọ́ wọn lára. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á ní, "Àgò, sà," á dúró. Màá kọ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi tán, màá gbé bírò dùbúlẹ̀ lábẹ́ ìlà tí mo wà, kí n tó ní "àgò yà". Bírò yẹn ni àmì. Leroy àti Theresa Glomb gbé ohun tó jọ ọ́ jáde ní 2018: àwọn tó kọ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá padà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọkàn wọn dín kù. Ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀, ọpọlọ á yéé fẹ́ iná sí i.

Ẹnì kan á ní ìkíni wa ńkọ́? Ìlú wa ni, a kì í gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" ká dákẹ́. Ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ti ṣe sí i. Onídìrí ní ìkíni tirẹ̀: ẹni tó ń kọjá á ní, "Ojú gbooro o," òun á ní, "Òòyà á yà á o." Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ìlà irun kò sì wọ́. Aláró ní àredú, babaláwo ní àbọrú bọyè. Ìkíni yìí ti ní èsì tirẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Inú àká ló ti ń jáde tààrà, kò nílò àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe ìkíni ló ń da ẹ̀pà nù. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni, bíi ti ìyá orí àtẹ̀gùn tó bi mí bóyá ilẹ̀ ò jìn mọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni kòkó báyìí?" Ìyẹn ni ọpọlọ gbọ́dọ̀ dìde fún. Tẹlifóònù tún wá burú jù ú lọ, torí kò mọ àgò, kò mọ ojú gbooro. Ó kàn ń dún ni. Kódà bí ti ẹlòmíràn bá dún, àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Lauren Emberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2010 pé ẹni tó ń gbọ́ apá kan ìjíròrò lórí tẹlifóònù ń pàdánù ọkàn rẹ̀ ju ẹni tó ń gbọ́ apá méjèèjì lọ. Ọpọlọ ń fẹ́ mọ ohun tí ẹni tí a kò gbọ́ sọ.

Iṣẹ́ kan wà tí àgò pàápàá kò tó fún. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ òfurufú kan já lulẹ̀ nínú kùrukùru nígbà tó ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Charlotte, ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní àádọ́rin èèyàn tó kú. Nígbà tí wọ́n tẹ́tí sí ohùn tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà gbà sílẹ̀, òṣèlú àti ọkọ̀ àlòkù ni àwọn awakọ̀ ń sọ lẹ́nu ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa wo bí wọ́n ṣe ga sílẹ̀ tó. Ní 1981, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé bí ọkọ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ tí kò kan ìwakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wáyé. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kí awakọ̀ yadi láti ibi tó ti gbéra dé ibi tó ń lọ. Ibi tí àṣìṣe ti ń pa èèyàn nìkan ni wọ́n fi ọgbà yí ká. Nílé ìwòsàn náà bẹ́ẹ̀ ni: Johanna Westbrook àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì 98 ní Sydney, wọ́n sì sọ ní 2010 pé bí iye ìgbà tí wọ́n dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nídìí oògùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Àwọn baba wa kò ní ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ní owó ẹyọ láti kà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, nínú ọjà tí kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé Ìjàyè kí ogun tó tú u, kọ bí wọ́n ṣe ń kà á sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti àwọn ọdún 1880. Ẹni tó ń kà á á da òkìtì sílẹ̀, á máa fa márùn-ún márùn-ún, kíákíá. Bó bá fa márùn-ún nígbà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún, á dá a sí ọ̀tọ̀. Ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Àwọn tó kọ nípa ọgbọ́n yìí máa ń gbé e fún ìṣirò. Èmi rí ààbò nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá já lù nígbà tó ti ka ẹgbẹ̀rún kan kì í padà sí òdo. Òkìtì tó wà nílẹ̀ ń rántí fún un, ọgọ́rùn-ún tó ń kó lọ́wọ́ nìkan ló máa tún kà. Ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn Ìdànrè lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà: kó kọ iye tó kà dé ibẹ̀ sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ení.

Bí mo ṣe pín lẹ́jà nìyẹn. Rìsíìtì ogún-ogún, mo fi rọ́bà so wọ́n. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, a ń ka owó ẹyọ: mi ò dáhùn àgò títí okùn rọ́bà kan á fi tán, bí okùn bá sì tán, màá gbójú sókè, màá bèèrè ẹni tó ní ọ̀rọ̀. Okùn kan kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì sí ohun tó ń jóná tí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ náà á máa sọ fún ẹni tó bá wọlé pé, "Ọ̀gá wà nídìí owó ẹyọ."

Ó ṣẹlẹ̀ pé bàbá tó ni àpò kòkó mẹ́tàlélógún yẹn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan ní agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Abà ló ti ń bọ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Wọn ò ní ká ka owó ẹyọ kọjá irú àgbà bẹ́ẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi, mo gbé bírò dùbúlẹ̀, mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi mí ní iye tí wọ́n ń ra kòkó, ó bi mí ní àlàáfíà ìyàwó, ó sọ ìtàn àrùn tó mú igi kòkó rẹ̀ lápá odò, ó tún bi mí ní iye kòkó. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo sìn ín dé títì tí mo padà wọlé, fáànù ti ṣí ìwé náà sókè díẹ̀, bírò ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlà kẹrìndínlógún ni.